Àlejò Inú Yàrá Àlàó

Bàṣírù kò tilẹ̀ mira lórí awọ àgbò tó jókòó lé nígbà tí obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri bí ẹni tí òórùn burúkú kan gbá nímú.

"Aláró ni ọ́," ni ó wí.

Obìnrin náà, Fàúsátù, ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní Tchamba ni òun ti wá, yàrá kan ṣoṣo ni òun ń wá, etí odò ni òun yóò sì ti máa rẹ aṣọ òun, kì í ṣe nínú ọgbà onílé. Ó dárúkọ ẹni tí òun ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ lọ béèrè ìwà òun.

"Bí mo bá fi ẹni tí èékánná rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò sínú ilé mi," ni Bàṣírù wí, "ọlọ́lá wo ni yóò tún wá wọ̀ sí ọ̀dọ̀ mi? Lọ wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Fàúsátù dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Jàríátù, tó ń fẹ́ àgbàdo lẹ́yìn ògiri, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gbólóhùn "ilé mi" tí Bàṣírù máa ń sọ yìí dà bí òkúta tí ènìyàn bá pàdé nínú oúnjẹ.

Ilé Àlàó ni. Àlàó, ọkọ Jàríátù, ló mú un kúrò ní Kambolé wá sí Sokodé ní ilẹ̀ Tógò ní ogún ọdún sẹ́yìn, kí àwọn Jámánì tó gbé àsíá wọn sórí òkè ìlú náà. Yàrá mẹ́jọ ló kọ́ sí Sọ́ńgò, àdúgbò tí àwọn oníṣòwò obì àti àwọn àjèjì máa ń wọ̀ sí, ó sì ń gba àlejò níbẹ̀ títí àwọn Háúsá fi ń pè é ní máígídá, ìyẹn onílé àwọn oníṣòwò. Nígbà tó kú, kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Kúbúrá nìkan ló bí, Kúbúrá sì ti wà nílé ọkọ. Àwọn ẹbí ní Kambolé wá rán Bàṣírù, àbúrò olóògbé, pé kó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, kí obìnrin má baà dá máa gba àlejò. Bàṣírù tí iṣu rẹ̀ kì í rí ìgbà òjò. Ẹni tí kò lè mọ iṣu tó fẹ́ jẹrà nínú àká, òun ni wọ́n ní kó wá máa mọ ènìyàn.

Àlàó kì í wo ẹ̀wù ní tirẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, omi ni yóò kọ́kọ́ fún un. Bó bá mumi tán, Àlàó yóò bi í nílé ẹni tó ti kúrò, ohun tó gbé e kúrò níbẹ̀, àti ẹni tó lè jí ní òwúrọ̀ wá dúró fún un nínú ìlú. Lẹ́yìn náà yóò ránṣẹ́ sí onílé tẹ́lẹ̀ náà nípasẹ̀ àwọn ọlọ́jà tó ń lọ. Títí èsì yóò fi dé, yàrá tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ni àlejò ń sùn, níbi tí gbogbo ilé ti ń rí i bó bá wọlé tàbí bó bá jáde. Ó sì máa ń wo bí àlejò ṣe ń ṣe sí àwọn aláàárù rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá jẹun yó kó tó rántí ẹni tó ru ẹrù rẹ̀, yóò jẹ ilé onílé náà mọ́ ọn.

Jàríátù ti sọ gbogbo èyí fún Bàṣírù ní oṣù tó dé. Ṣe ni ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin obìnrin lẹ máa ń da ìbéèrè bo ènìyàn bí alárinà. Èmi, bí mo bá ti wo bàtà ẹsẹ̀ ènìyàn, mo ti mọ̀ ọ́n tán."

"Ẹ kú iṣẹ́ bàtà wíwò, Bàbá Kékeré," ni Jàríátù dá a lóhùn, nítorí pé Bàṣírù ti wà nílé kí ó tó wá ṣe ìyàwó níbẹ̀, kò sì lè pe orúkọ mọ́ ọn lórí.

Ọ̀sán ọjọ́ tó lé aláró yẹn ni ọkùnrin kan dé. Fìlà pupa wà lórí rẹ̀, ẹ̀wù ńlá tí wọ́n kóṣẹ́ sí láyà wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà aláwọ gígùn bíi ti Jámánì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní Múdàṣírù ni orúkọ òun, ògbufọ̀ ìjọba ni òun, àwọn Jámánì ló ní kí òun máa ka àwọn ọkùnrin abúlé tí yóò lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Ó sọ ọ́ ní Háúsá, ó tún un sọ ní Yorùbá, ó sì ń fi "yáà, yáà" tí àwọn Jámánì fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí i láàárín.

Bàṣírù dìde. Ó gbọn awọ àgbò náà, ó tẹ́ ẹ fún àlejò, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò béèrè ibi tó ti kúrò. Kò béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ọkùnrin náà tó dárúkọ owó ilé ni Bàṣírù ti ní ènìyàn ìjọba kì í sanwó lọ́dọ̀ òun. Yàrá Àlàó, tó tóbi jù nínú ilé, tí wọ́n ti tì láti ọjọ́ ìsìnkú, òun ló ní kí wọ́n ṣí fún un.

Ọwọ́ Jàríátù ni wọ́n fi kó ẹrù olóògbé jáde. Bó ti ń gbá ilẹ̀ yàrá náà, ó pe Bàṣírù sí ẹ̀gbẹ́, ó bi í lẹ́lẹ̀ bóyá ó mọ ibi tí àlejò náà ti sùn rí.

"Ṣé a máa ń bi ìjọba níbi tó ti sùn ni?" ni Bàṣírù wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Múdàṣírù a jáde lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a sì padà pẹ̀lú adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ pọ̀. Kì í fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí òkè ìjọba. Ó ń jẹ wọ́n ni, ó sì ń ju ẹsẹ̀ adìyẹ sí Bàṣírù. Bàṣírù a jẹ ẹ́, a nu ẹnu rẹ̀, a sì lọ síwájú mọ́ṣáláṣí lọ máa sọ pé ọwọ́ ọ̀tún Jámánì ń gbé nínú ilé òun. Jàríátù ń wò wọ́n. Nínú ọkàn rẹ̀, kò mọ èyí tí òun ń kẹ́gàn jù nínú àwọn méjèèjì. Ó kéré tán, ti ọkùnrin ẹlẹ́wù yẹn, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, Múdàṣírù padà dé tòun ti ọmọbìnrin kan, tó ń jẹ́ Ìdíátù, ọmọ bí ọdún márùndínlógún, láti apá Bago. Àmì okùn wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Múdàṣírù ní bàbá rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú iṣẹ́ ọ̀nà, kò sì tíì rí ewúrẹ́ mẹ́ta tó yẹ kó mú wá, nítorí náà ọmọ rẹ̀ yóò máa dáná fún òun títí ewúrẹ́ yóò fi dé.

Jàríátù tọ Bàṣírù lọ. Bàṣírù ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe ti ayálégbé, onílé kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Jàríátù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn díẹ̀, adùn kíkorò kan báyìí. Ó ní kó máa bàjẹ́ lọ. Kó bàjẹ́ débi tí òórùn rẹ̀ yóò fi dé Kambolé, kí àwọn tó rán ọkùnrin yìí wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó ń fún ọmọ náà ní oúnjẹ, ó ń fún un ní ẹní, ó fi òróró pa ọwọ́ tó bó fún un, ó sì ń dúró de ọjọ́ tí ojú yóò ti Bàṣírù.

Ní ọjọ́ kẹrin, ibi tí wọ́n ti jọ ń lọta, Ìdíátù dáwọ́ dúró.

"Ìyá, ṣé ilé Jámánì ni ilé yín yìí?"

Jàríátù ní rárá, ilé ọkọ òun ni.

Ọmọ náà ronú sí i. "Ta ló wá ní kí ọkùnrin yẹn máa tì mí mọ́lé níbí?"

Jàríátù ń lọta lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ń lọ bẹ ẹnì kan wò ní Tchamba, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín títí di ìrọ̀lẹ́. Múdàṣírù ti máa ń fọ́nnu pé ilé Sàláwù ni òun máa ń wọ̀ sí níbẹ̀. Sàláwù yìí, àgbàlagbà onílé kan, jẹ́ ọ̀rẹ́ Àlàó nígbà ayé rẹ̀. Jàríátù bá a lẹ́yìn ìrun, ó jókòó, ó sì béèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti béèrè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Sàláwù bi í ní irú ẹ̀wù tí ọkùnrin náà wọ̀. Jàríátù ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ tó wà láyà rẹ̀.

"Èmi ni mo ni ẹ̀wù yẹn," ni Sàláwù wí. "Ẹni tó ń fọ ẹṣin fún Jámánì kan ni ọkùnrin yẹn. Wọ́n lé e nítorí olè, ó gbé bàtà ọ̀gá rẹ̀ sá lọ. Oṣù mẹ́ta ló gbé níbí, ó jẹ, ó mu, ó sì kó mi lẹ́wù lọ."

"Ẹ mọ̀, Bàbá, ẹ kò sì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni?"

"Ojú tì mí ni. Irú mi, tí mo ti ń gba àlejò láti ọgbọ̀n ọdún. Mo ní bí ó bá ti jìnnà sí mi, kí ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ là ju tèmi lọ gbá a mú."

Jàríátù wo arúgbó náà. Ẹ̀gàn tó ti kó wá láti Sokodé fún Bàṣírù fẹ́ ràn sí i lára. Àmọ́ ó rántí pé ọjọ́ mẹ́rin ni òun náà fi ń dúró, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Ó bẹ Sàláwù kó ránṣẹ́ sí Bago pé kí bàbá ọmọ náà wá. Sàláwù ní ìyẹn kò ṣòro. Ó wá ní bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó bá òun gba ẹ̀wù òun.

Nígbà tí Jàríátù padà dé, kò gba òkè ìjọba lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹjọ́ wọ àgbàlá yẹn lè jáde pẹ̀lú òkúta iṣẹ́ ọ̀nà lórí bí ẹni tó jẹ̀bi, ohun tí wọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè ni ilé ẹni tí ọ̀daràn wọ̀ sí. Àwọn tó máa ń fi koríko bo ilé ló lọ bá, ọkùnrin mẹ́rin ará Sọ́ńgò, ó ní kí wọ́n wá ní ìdájí, òrùlé yàrá kan ti gbó.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi gun orí yàrá Àlàó. Ìdì koríko bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Eruku àti èédú ọdún mẹ́wàá dà sínú yàrá, àwọn aláǹgbá sì ń fò sókè sódò. Múdàṣírù sáré jáde, ó ń wúkọ́, ẹ̀wù rẹ̀ kún fún pàǹtírí, fìlà pupa rẹ̀ kò sí lórí. Bàṣírù jáde láti yàrá tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó ń bọ̀ láti ibi ìrun òwúrọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ obìnrin yìí, orí rẹ ti yí?" ni Múdàṣírù wí. "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Ọ̀gá ògbufọ̀, ẹ má bínú," ni Jàríátù wí. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. "Koríko ló gbó, a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀."

"Àwọn sójà yóò wó ilé yìí mọ́ ọ lórí!"

"Òkè ìjọba kò jìnnà. Àsíá wọn nìyẹn tí a ń wò láti ibí. Ẹ lọ mú sójà kan ṣoṣo wá, kó ní kí n dá òrùlé padà, ọwọ́ ara mi ni n ó fi dá a padà. A óò máa dúró dè yín."

Múdàṣírù wo àsíá náà. Ó wo àwọn ènìyàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàṣírù ń wò ó bí ọmọdé tí ń wo bàbá rẹ̀, ó ń retí pé kó gbẹ́sẹ̀, kó lọ sí òkè. Kò gbẹ́sẹ̀. Àwọn tó wà lórí ògiri ti tú gbogbo koríko tán, oòrùn sì wọ inú yàrá náà, ó tàn sórí adìyẹ mọ́kànlá nínú àgò, sórí awọ ewúrẹ́ mélòó kan, sórí okùn tó gbé kọ́ igi, àti sórí ẹní ọmọ náà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

"Ẹ̀wù yẹn ní olúwa rẹ̀," ni Jàríátù tún wí. "Sàláwù ní Tchamba ní kí n bá òun gbà á."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Múdàṣírù bọ́ ẹ̀wù náà. Ṣòkòtò kan tí orúnkún rẹ̀ ti já ló kù sí i nídìí, pẹ̀lú bàtà olè yẹn. Ó gba àárín wọn kọjá, ó sì yà sí ọ̀nà gúúsù, ó ń yára bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó dá a dúró.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni bàbá Ìdíátù dé láti Bago, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eruku ọ̀nà bò dé orúnkún. Jàríátù ti ṣètò ohun tí yóò sọ fún un. Ó fa ọmọ náà jáde, ara rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ di dídì. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi fún ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀.

Ọkùnrin náà wo inú igbá. "Inú ilé yìí ni omi yìí ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó yí ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wo ojú ibi tí okùn ti bó o. Ó béèrè ibi tí ọkùnrin náà wà. Jàríátù ní ó ti lọ. Ó ní ta ló jẹ́ kó lọ. Jàríátù gbé igbá omi náà sílẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó ni ọmọ mi lò níbí kí ẹ tó tú òrùlé?"

"Ọjọ́ méje."

"Ọjọ́ wo lẹ ti rí i pé okùn ni wọ́n fi mú un wá?"

Ó ṣeé ṣe fún un láti sọ pé ọjọ́ tí òun ti Tchamba dé ni. Bàṣírù, tó jókòó sórí awọ rẹ̀, ti ń mi orí sí i pé kó wí bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ tó dé," ni Jàríátù wí.

Ọkùnrin náà mi orí lẹ́ẹ̀kan. Kò bú u, kò sì pariwo. Ó kàn wò ó, ó wo Bàṣírù, ó wo àwọn yàrá tó yí ọgbà ká, bí ẹni tó ń wo ẹran tó ti kú sójú ọ̀nà, ó sì mú ọmọ rẹ̀ jáde. Ìdíátù yíjú padà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ̀ fà á, wọ́n lọ.

"Ará oko aláìmoore," ni Bàṣírù wí nígbà tí wọ́n ti jìnnà. "Omi lásán, kò gbà á. Ìyàwó wa, jẹ́ ká pa ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ wọ̀nyẹn. Wọ́n ń jẹ àgbàdo wa lásán."

Jàríátù da omi inú igbá sí ìdí igi. Ó ti bi Ìdíátù, ní àwọn alẹ́ tó sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, ní orúkọ àwọn abúlé tí Múdàṣírù mú un gbà kọjá. Ọmọ náà mọ ibi tí wọ́n ti gba àkùkọ pupa, ó mọ obìnrin opó tí wọ́n gba adìyẹ ẹlẹ́yin lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lórí Jàríátù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di àgò adìyẹ náà ní okùn, ó gbé e síwájú awọ àgbò.

"Bàbá Kékeré, ẹ ru ú."

"Èmi? Lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ àwọn tó ni wọ́n. A óò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Tchamba, a óò dé Bago."

"Ta ni yóò wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà?"

"Kò sí. Ilé yóò wà ní títì. Nígbà tí a bá padà, èmi ni n ó máa jókòó síbẹ̀. Bí àwọn ará Kambolé bá ní èmi kọ́, n ó ní kí wọ́n pe Àáfà tòun ti Kùránì wá, ká pín ilé yìí bí Ọlọ́run ṣe ní kí wọ́n máa pín ogún, èyí tó bá kàn yín ẹ kó o."

Bàṣírù wo obìnrin náà, ó ń wá ibi tí yóò ti fi ṣe ẹlẹ́yà. Kò rí i. Ó ru àgò náà. Adìyẹ kan yàgbẹ́ sí i léjìká kí wọ́n tó jáde ní Sọ́ńgò.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé abúlé àkọ́kọ́. Obìnrin kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń bó iṣu. Ó rí àkùkọ pupa nínú àgò, ó mọ̀ ọ́n, ó dìde, kò sì kí wọn. Jàríátù fi orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀ nínú eruku.

"Ilé wa ni ọkùnrin yẹn ti jáde wá bá yín," ni ó wí. "A kò béèrè ẹni tó jẹ́."

Ó ṣí àgò, ó gbé àkùkọ náà lé obìnrin náà lọ́wọ́. Kò dúró de ohun tí yóò sọ. Ó ní kí Bàṣírù tún ru ẹrù rẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀nà abúlé kejì pọ̀n.